Ẹfun Tó Ń La Ojú Túùbù

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rò ó pé iṣẹ́ wo lẹ máa kọ́, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ojú mi kò ríran jìnnà mọ́, àmọ́ ẹnu mi ṣì mú dáadáa. Iṣẹ́ tí mo fi ayé mi ṣe, bóyá lẹ máa rí ẹni tó ń ṣe é mọ́ ní gbogbo Yaba, síbẹ̀ n kò kábàámọ̀ rẹ̀ rí. Túùbù tẹlifíṣọ̀n tó ti kú ni mo ń jí dìde. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi obìnrin! Ẹ pa ẹnu yín dé kí eṣinṣin má bàa wọ̀ ọ́.

Tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà kì í ṣe pẹlẹbẹ bíi tiyín tí ẹ ń gbé kọ́ ara ògiri. Àpótí ńlá ni, ó yọ ikùn sẹ́yìn bí aláboyún. Inú àpótí yẹn ni túùbù wà, ìgò ńlá tí ojú rẹ̀ fẹ̀, tí ọrùn rẹ̀ tín-ín-rín. Ohun tí a ń pè ní ìbọn wà nínú ọrùn yẹn, káátóòdù sì wà nínú ìbọn, irin róbótó kan tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ. Wáyà kan wà nínú rẹ̀ tó ń mú un gbóná. Bó bá ti gbóná, àwọn hóró iná tíntìntín tí àwọn òyìnbó ń pè ní ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á máa fò jáde lára rẹ̀, wọ́n á sáré lọ kọlu ojú túùbù, ojú túùbù á sì tàn. Òun lẹ̀ ń wò tí ẹ ń pè ní àwòrán.

Àmọ́ ahun ni irin lásán. Ẹ mú un gbóná títí kó pọ́n bí ẹyin iná, ìwọ̀nba ni yóò fi sílẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó lawọ́ ni ẹfun funfun kan tí a fi ń bo orí rẹ̀, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, bí àtíkè tí ìyá ọmọ ń fi sí ọrùn ìkókó. Bí ẹfun yẹn bá wà lórí rẹ̀, kò ní í tíì gbóná púpọ̀ tí yóò ti máa tú wọn jáde wìtìwìtì. Bí ẹfun náà bá gbó, àwòrán á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣókùnkùn, àwọn èèyàn á ní tẹlifíṣọ̀n àwọn ń fọ́jú. Tiwa ni láti gé ọrùn túùbù, ká yọ ìbọn, ká ha ògbólógbòó ẹfun dànù, ká fín tuntun sí i, ká dá ìbọn padà, ká fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú túùbù jáde, ká wá fi iná dí ọrùn rẹ̀ pa. Ó tán. Ẹni tí kò bá yé, kó bi ẹnìkejì rẹ̀, n kò ní í sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì.

Ọdún tí gbogbo ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yí sí apá ọ̀tún títì ni mo wọṣẹ́. Àgùdà là ń gbé nígbà náà, Bàámi sì ń la pákó ní Makoko. Ohun tó fẹ́ fún mi ni kí n lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀ lọ́dọ̀ àǹtí mi ní Mushin. Ṣùgbọ́n ìdí rédíò ilé wa ni èmi máa ń wà ṣáá, tí mo ń yọjú wo iná pupa inú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Mo bẹ Bàámi pé kó jẹ́ kí n lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan tó ń jí túùbù tẹlifíṣọ̀n dìde ní Yaba, mo sunkún, mo fi oúnjẹ sílẹ̀, títí ọ̀rọ̀ mi fi sú u.

Ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, mo ti gbọ́, lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ọ̀gá yẹn bá fi lè ní kí o máa bọ̀ nílé, ọ̀rọ̀ rédíò ti tán nìyẹn. Ìdí maṣíìnì àǹtí rẹ lo máa jókòó sí, n kò sì ní í gbọ́ 'ẹ jọ̀ọ́, Bàámi' kankan mọ́."

Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. N kò tilẹ̀ ro ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀gá mi ń jẹ́ Àkànní, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti ṣiṣẹ́ ní òkè òkun rí, níbi tí wọ́n ti ń ṣe fáàfù, ìgò kékeré tó ń tàn nínú rédíò, ibẹ̀ ló ti kọ́ bí a ṣe ń po ẹfun. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Yaba, kò jìnnà sí ojú irin rélùwéè. Ó ga, ó rù, kì í rẹ́rìn-ín. Àwa ọmọṣẹ́ méjì ló ní, èmi àti Múfútáù ọmọ Mushin tó ti wà níbẹ̀ ṣáájú mi. Ẹ̀gbọ́n Múfú ni mo ń pè é. Èèyàn dáadáa ni, àfi pé Ọlọ́run kò fún ẹnu rẹ̀ ní ìdérí.

Bí a bá ti dé láàárọ̀, kí a tó kí Ọ̀gá tán ni yóò ti sọ pé, "Ẹ mú ọwọ́ wá!" A ó na ọwọ́, yóò sì tẹ orí ba, yóò máa gbọ́ òórùn rẹ̀ bí ìyàwó ilé tó ń ra ẹja. Bó bá gbóòórùn òrí, ó di wàhálà. Bó bá gbóòórùn epo àkàrà, ó di wàhálà. "Lọ fọ̀ ọ́!" A ó lọ fọ̀ ọ́, a ó padà wá, yóò tún gbọ́ ọ. Nígbà ọyẹ́, tí gbogbo Èkó ń fi òrí para, ọwọ́ tiwa a máa sán, a máa ṣẹ̀jẹ̀. Màámi rò pé ọṣẹ burúkú kan ni wọ́n ń fún mi fọwọ́ níbẹ̀. Mo sunkún nígbà náà, n kò ní í parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Fífọ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀, fífọ̀ ni mo sì ń bá bọ̀. Mo fọ ìgò, mo fọ ìbọn, mo fọ àwọn irin kéékèèké tí n kò mọ orúkọ wọn. Lọ́jọ́ kan mo fìgboyà bi Ọ̀gá pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìgbà wo ni èmi náà máa fín ẹfun?"

Ó wò mí títí. "Ìgbà tí o bá yé béèrè. Gbọ́, ọmọ yìí. Ẹfun yìí kì í bá ẹnikẹ́ni jẹ àwo kan náà. Òógùn díẹ̀, epo díẹ̀, eruku díẹ̀, ó ti kú nìyẹn, wàá sì ti dí túùbù pa kí o tó mọ̀ pé òkú lo dí síbẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa..."

"...àmúkùrù ẹ̀pọ̀n!" Múfú ti bá a parí rẹ̀. Ọ̀gá yíjú sí i, ó ní ṣé kò rí i pé ọmọbìnrin wà níbẹ̀ ni. Èmi sá lọ sẹ́yìn, mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi.

Oògùn tí a fi ń po ẹfun náà a máa ta sánsán bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Àìmọye ìgbà ni àwọn ará àdúgbò yọjú pé ẹni tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ dà. Bó ṣe yá, Ọ̀gá fún mi ní kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù tí ìgò ẹfun wà. Kò yìn mí. Ó kàn gbé e lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó. Kí n tó délé lọ́jọ́ náà, mo ti fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ yẹn lápò mi, bóyá ó ṣì wà, títí ó fi gbóná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Ọ̀gá ra ẹ̀rọ tuntun tí a ó fi máa fa afẹ́fẹ́. Ti àtijọ́ ń pariwo, kì í sì í fà á tán. Àkókò yẹn náà ni ẹnì kan tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Surulere kó gbogbo túùbù tó ti fọ́jú ní hòtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ wá fún wa. Iṣẹ́ ńlá ni. Bí a bá ṣe é yọrí, gbogbo Mainland á gbọ́.

Ìyá Ọ̀gá wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ láti wá ṣàdúrà sí ẹ̀rọ tuntun náà. Ìyá Àgbà ni gbogbo wa ń pè é. Ìyá kékeré kan báyìí ni, tó ń rìn kíákíá, tó ń fi oríkì pe gbogbo èèyàn. Láti ọjọ́ tó ti dé ló ti gba ìjà mi jà. "Àkànní, fi ọmọ sílẹ̀ kó jẹun!" Nígbà tó rí ọwọ́ mi tó sán, tí wọ́n sì sọ fún un pé n kò gbọdọ̀ fi òrí pa á, ó ní ó dáa, ó gbé ẹsẹ̀ mi lé itan ara rẹ̀, ó fi òrí pa ẹsẹ̀ fún mi. Mo fẹ́ràn ìyá yẹn bí ẹni tó bí mi.

Lọ́jọ́ àdúrà, àwọn aládùúgbò péjọ. Ìyá Àgbà gbé oyin dání, ó gbé iyọ̀ dání. Ó ní, "A kì í fi oyin sẹ́nu ká rojú, Àkànní ò ní í rojú nídìí iṣẹ́ yìí. Iyọ̀ ló ń mú ọbẹ̀ dùn, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ á dùn." A ń ṣe àmín, a sì ń tọ́ ọ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó parí, Ọ̀gá àti Múfú sin àwọn àlejò jáde. Èmi ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, mo gbé ìgò ẹfun jáde láti pò ó.

Ìyá Àgbà wá dúró tì mí. "Àbẹ̀kẹ́, kí ni ti funfun yìí?"

Mo ní, "Ìyá, òun ni gbogbo iṣẹ́ wa. Láìsí i, kò sí túùbù tó máa ríran."

"Háà! Òun gan-an lorí iṣẹ́ nígbà náà."

Aládùúgbò kan pè mí lẹ́nu ọ̀nà pé kí n gbé àga tí a yá lọ́wọ́ òun wá. Mo lọ gbé e fún un. Nígbà tí mo padà, Ìyá Àgbà ń dé ìgò náà, ó ń lá orí ìka rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú ẹni tó ṣe oore. Ó ní, "Mo ti bá yín ṣàdúrà sí i." Mo ní, "Ẹ ṣé, Ìyá." Mo pò ó, mo gbé e padà, mo sì ti kọ́bọ́ọ̀dù pa. Kò sí ohun tó sọ sí mi lọ́kàn.

A fín ẹfun sí àwọn káátóòdù túùbù hòtẹ́ẹ̀lì. A fa afẹ́fẹ́ jáde, a dí ọrùn wọn. Nígbà tí a gbé èkíní sórí míítà tí a fi ń dán túùbù wò, abẹ́rẹ́ rẹ̀ fò sókè, inú wa dùn, ó tún rọra wálẹ̀, kò sì dìde mọ́. Àwòrán yọ fẹ́ẹ́, ó sì kú. A gbé èkejì, bákan náà. Gbogbo wọn ló kú bẹ́ẹ̀.

Ọ̀gá kò pariwo. Ó bu ẹfun díẹ̀ nínú ìgò, ó mú gíláàsì tó ń sọ nǹkan di ńlá, ó kọ ẹ̀yìn sí wa lójú fèrèsé, ó sì ń wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì.

"Àbẹ̀kẹ́, ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi ni, sà."

"Ta ló ń po ẹfun?"

"Èmi ni, sà."

"Ó dáa. Máa lọ sílé. Kí bàbá rẹ wá rí mi lọ́la."

Ojú ọ̀nà ni mo wà tí mo rántí ìka tí Ìyá Àgbà ń lá. Mo jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan lẹ́bàá títì. Iyọ̀! Ìyá ti bu iyọ̀ àdúrà sínú ìgò. Bí òógùn ọwọ́ bá lè pa ẹfun, kí ni iyọ̀ gan-an ò ní í ṣe? Bí mo bá sọ ọ́, mo ti dójú ti ìyá àgbàlagbà lójú ọmọ tó bí, èmi tó fi òrí pa lẹ́sẹ̀. Bí n kò bá sọ ọ́, ìdí maṣíìnì ní Mushin ló kàn. Mo ro ó síwá sẹ́yìn. Nígbà tí mo délé, ohun tí mo sọ kò ju pé Ọ̀gá ń pe Bàámi. Bàámi kò bi mí léèrè. Ó kàn ní kí Màámi bá mi wá báàgì.

Lọ́jọ́ kejì, Bàámi gbé báàgì dání dé Yaba. Ìyá Àgbà jókòó ní kọ̀rọ̀, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ọ̀gá sọ fún Bàámi pé iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì ti bàjẹ́, ọwọ́ mi sì ni ìgò wà.

Bàámi ní, "Ẹ má bínú, Ọ̀gá. Kí ló fi sínú ìgò?"

"Ohun àjèjì kan ló wọ̀ ọ́."

"Ohun àjèjì wo?"

Ọ̀gá ń wo ilẹ̀. Ni Múfú, tí kò lè pa ẹnu mọ́, bá ní, "Ó jọ iyọ̀, sà! Ẹfun tí Ọ̀gá bù sílẹ̀ lórí tábìlì lánàá, mo fi gíláàsì wò ó. Hóró iyọ̀ wà nínú rẹ̀!" Ọ̀gá yíjú sí i bí ẹni tó fẹ́ gbé e mì.

Bàámi kọjú sí mi. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé ìwọ lo da iyọ̀ sínú iṣẹ́ oníṣẹ́?"

Mo ti wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo ní, "Ẹ má bínú, Bàámi." Bàámi ka ìyẹn sí bẹ́ẹ̀ ni. Ó na ọwọ́ sókè láti gbá mi létí.

"Gbé ọwọ́ rẹ kúrò lára ọmọ yẹn!" Àwo ẹ̀gúsí ti dà sílẹ̀. Ìyá Àgbà ti dìde. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni mo bu iyọ̀ sí i. Wọ́n ní òun lorí iṣẹ́ ọmọ mi, mo ní kó dùn. Ọmọ yìí kò sí níbẹ̀. Áà, Àkànní, èmi ni mo ba iṣẹ́ rẹ jẹ́! Èmi ìyá rẹ!"

Ó fọwọ́ lérí, ó ń sunkún. Ọ̀gá sáré dì í mú. "Ìyá, ẹ dákẹ́. Ẹ má sunkún mọ́. Ẹfun ṣì pọ̀ nínú àpótí, a ó po òmíràn." Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi, tí n kò tíì gbọ́ 'jọ̀ọ́' lẹ́nu rẹ̀ rí, dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàámi tó ń la pákó ní Makoko. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ẹ fi ọmọ yín sílẹ̀ fún mi."

Bàámi kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ó ń wo báàgì, ó ń wo Ọ̀gá. "Ẹ dìde, sà, ẹ dìde. Ọmọ yín ni." Ó ká báàgì náà sábẹ́ apá, ó padà sí ìdí iṣẹ́ rẹ̀.

A tún ọrùn àwọn túùbù gé, a ha ẹfun oníyọ̀ dànù. Nígbà tí ó kan fífín, Ọ̀gá gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fín ẹfun lé mi lọ́wọ́. Ó dúró tì mí, ó ń sọ pé, "Fẹ́lẹ́. Fẹ́lẹ́. Ó tó." Nígbà tí a gbé e sórí míítà, abẹ́rẹ́ gòkè, ó sì dúró síbẹ̀. Àwòrán yọ, ó mọ́ gaara. Mo pariwo, Múfú gbé mi sókè, Ìyá Àgbà ń jó láìsí ìlù. Inú mi kò tíì dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, bí mo ti bímọ tó yìí náà.

Mo gbòmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Kò pẹ́ tí tẹlifíṣọ̀n aláwọ̀ fi dé, káátóòdù mẹ́ta ló wà nínú túùbù kan, ó túmọ̀ sí pé wàhálà di mẹ́ta. Mo kọ́ ọ. Tiransísítọ̀, ẹ̀yà tíntìn tí kì í gbóná, ti lé fáàfù kúrò nínú rédíò, mo kọ́ ìyẹn náà. Nígbà tó yá, àwọn pẹlẹbẹ yín dé, wọ́n lé túùbù fúnra rẹ̀ lọ. N kò bá wọn jà. Ayé ń lọ, à ń tọ̀ ọ́. Iṣẹ́ yẹn ti bá mi tọ́ ọmọ, ó ti bá mi kọ́lé, ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́mọ ló sì ti ọ̀dọ̀ mi kọ́ṣẹ́ jáde. Olúwa ṣeun. Bí ẹ bá wá ń bi mí pé irú iṣẹ́ wo ni kí ẹ kọ́, èmi kò mọ̀. Ẹ kàn wo irú èèyàn tó wà nídìí rẹ̀ kí ẹ tó wọ̀ ọ́.

Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́ kí Ọ̀gá tó fi Èkó sílẹ̀ padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo lọ kí i níbẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ kò le mọ́. Ó ní kí wọ́n fi èmi àti òun sílẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, ọjọ́ iyọ̀ yẹn, kí màámi tó jẹ́wọ́, ṣé o ti mọ̀ pé òun ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀, sà."

Ó di ojú. "Èmi náà mọ̀. Nígbà tí mo kọ ẹ̀yìn sí yín lójú fèrèsé, mo ti rí hóró iyọ̀. Ta ló gbé iyọ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù wa bí kì í ṣe ìyá mi? Mo mọ̀ pé o kò ṣe nǹkan kan, mo sì ní kí o máa lọ sílé. Mo fẹ́ fi ọmọ ọlọ́mọ bo ìyá mi láṣìírí. Láti ọjọ́ náà ni mo ti fẹ́ bẹ̀ ọ́, ojú ń tì mí."

N kò ní í purọ́, ó dùn mí. Mo rí báàgì tí Bàámi gbé dání, mo rí maṣíìnì àǹtí mi. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ mi ní gbogbo ohun tí mo mọ̀? Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ti gbẹ.

"Ọ̀gá," mo ní, "ìyá kan náà ni àwa méjèèjì ń bò láṣìírí."

A jọ sunkún. Nínú àwa mẹ́ta tó mọ òtítọ́ ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ yẹn, ìyá yẹn nìkan ni kò bò ó mọ́lẹ̀. Ohun tó jẹ́ kí n di èèyàn nìyẹn. Ọlọ́run kó dẹlẹ̀ fún un.